Owó Oníhò Inú Agolo Ìyá Àgbà: Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Pín In



Ọ̀rọ̀ owó àtijọ́ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé láàrin oṣù mẹ́ta, ìdílé mẹ́rin ni ó ti gbé irú owó bẹ́ẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mọ́ṣáláṣí wa ní Ìlúpéjú, méjì nínú wọn sì gbé e wá pẹ̀lú ìjà.

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí. Ìyá àgbà jáde láyé, a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ ṣí àpótí ìyá. Lábẹ́ aṣọ òfì àti ìborùn Mẹ́kà, wọ́n bá agolo mílíìkì kan tí ó wúwo. Wọ́n tú u sílẹ̀: owó oníhò ni, òmíràn funfun, òmíràn pupa bíi bàbà, pẹ̀lú ṣílè díẹ̀ tí ó ti dúdú. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní kí wọ́n pe àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri, kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní kílò bí irin àlòkù. Ilé iṣẹ́ sáà yí wa ká, àwọn tí ń ra irin kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọmọ àbúrò kan ní ó tì o, òun ti rí i lórí fóònù pé ẹyọ owó oníhò kan ṣoṣo tó mílíọ̀nù náírà. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, kò sí ẹni tí ó tún gbà pé gbogbo ohun tó wà nínú agolo ni àbíkẹ́yìn obìnrin, ẹni tí ó tọ́jú ìyá títí dé ojú ikú, kó síta.

Onílòó-kílò kò mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, oní-mílíọ̀nù náà kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé kò sí èyí tí ó ka owó náà nínú wọn. A kọ orúkọ ọba sí i, a kọ orúkọ ilẹ̀ sí i, a kọ ọdún sí i. Bí ọdún bá sì ti pa rẹ́, irin tí a fi rọ ọ́ ṣì ń jẹ́rìí. Ẹni tí ó bá ka ìwé mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ka gbogbo rẹ̀, bí ó bá ní sùúrù àti ojú tó ríran. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa, kí ó yá ojú ọmọ rẹ̀ lò.

Kí òyìnbó tó dé pẹ̀lú owó onírin, owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná. Wọn a lu ú ní ihò, wọn a sin ín sí okùn, ogójì sí okùn kan. Nígbà tí ìjọba wá rọ owó kékeré fún wa ní 1907, wọ́n dá ihò sí àárín rẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ owó ẹyọ kò rí i bí àjèjì, nítorí ó lè sin ín sí okùn bákan náà. Kọ́bọ̀ ni èyí tó tóbi jù nínú àwọn oníhò wọ̀nyí, ẹ́ẹ́pìnnì ni ìdajì rẹ̀, onínì sì ni ìdá mẹ́wàá kọ́bọ̀ kan. Kọ́bọ̀ àti onínì ni wọ́n kọ́kọ́ rọ. Ní 1911 ni ẹ́ẹ́pìnnì tẹ̀lé e. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi rọ onínì àkọ́kọ́, ti 1907 àti 1908. Ó fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n kò bá ojú ọjọ́ wa mu, kíá ni wọ́n pa á tì tí wọ́n sì fi bàbà tí a pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí onínì tí ó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe sọ pé ayédèrú ni. Òun gan-an ni kí ó fi owú wé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyè sí èyí kí a tó máa bá a lọ. Kọ́bọ̀ tí ìyá àgbà ń wí kì í ṣe kọ́bọ̀ ti náírà. Orúkọ náà ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Láti ara ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń pe bàbà ni a ti fà á yọ, owó tí òyìnbó ń pè ní penny ni a sì fi ń pè. Ọjọ́ kìíní oṣù January 1973 ni náírà dé. Náírà kan gba ipò ṣílè 10, ṣílè kan sì jẹ́ kọ́bọ̀ àtijọ́ 12. Nítorí náà kọ́bọ̀ àtijọ́ 120 ni ó bọ́ sí ipò náírà kan, nígbà tí náírà náà jẹ́ kọ́bọ̀ tuntun 100. Bí ẹ bá rí ìwé gbèsè tàbí ìwé èésú nínú àpótí kan náà, ẹ wo ọdún tí a kọ ọ́ kí ẹ tó ṣírò.

Ó yá, ẹ mú owó oníhò kan, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ojú kan ní adé lókè ihò, pẹ̀lú orúkọ ọba. Ojú kejì ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tí ó yí ihò ká, pẹ̀lú orúkọ ilẹ̀ àti ọdún. Bí ọdún bá hàn, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ṣùgbọ́n owó tí ó ti gba ọwọ́ alátà, ọwọ́ ẹlẹ́ja àti ọwọ́ onímọ́tò kọjá fún ogójì ọdún, ọdún rẹ̀ lè ti jẹ tán. Ibẹ̀ ni a ti ń wo àwọ̀ àkọ́kọ́. Láti 1952 ni wọ́n ti yí irin owó oníhò padà sí bàbà pupa. Ìdí nìyí tí owó oníhò funfun kò fi lè kéré ní ọjọ́ orí ju 1951 lọ, tí owó oníhò pupa kò sì lè dàgbà ju 1952 lọ. Ó ti rọrùn tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo ti rí géńdé ọkùnrin tí ó ń pariwo lé mi lórí pé kọ́bọ̀ pupa òun jẹ́ ti ayé Lugard.

Lẹ́yìn àwọ̀, ẹ wo orúkọ ilẹ̀. Èyí ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bí wọ́n bá ti rí "Nigeria" lára owó, wọn a ní lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n rọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1907 títí di 1911, "Nigeria British West Africa" ni wọ́n ń kọ, ìyẹn ni pé èyí tó dàgbà jù lọ ni ó ní Nàìjíríà lára! Ní 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó kan sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Gánà, Sierra Leone àti Gambia, láti ìgbà náà ni "British West Africa" nìkan ti ń wà lára owó, tí owó kan náà sì ń jẹ́ níná láti Èkó dé Accra. Ní July 1959 ni Báńkì Àpapọ̀ ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a sì rọ owó tiwa: Nàìjíríà nìkan ni ó wà lára rẹ̀, kò sí "British West Africa" mọ́, ọdún 1959 sì wà níbẹ̀. Òmìnira kò tíì dé nígbà náà. Ó ku ọdún kan àti oṣù mẹ́ta.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ ọba. Àwọn òyìnbó tí ó kọ ọ́ lo èdè Látìnì, V ni wọ́n sì fi dúró fún U nínú orúkọ. Nítorí náà V tí ẹ rí nínú GEORGIVS tàbí EDWARDVS kì í ṣe iye o. Èyí tí ó dá dúró lẹ́yìn orúkọ ni iye: V jẹ́ 5, VI jẹ́ 6, VII jẹ́ 7, VIII jẹ́ 8. Edward Keje kú ní 1910. George Karùn-ún jọba láti 1910 títí di January 1936. Tirẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú agolo. George Kẹfà jọba láti December 1936 títí di February 1952, Elizabeth sì gba ipò rẹ̀.

Ní ti George Kẹfà, àmì kan wà tí mo fẹ́ràn. Lẹ́yìn orúkọ àwọn ọba òyìnbó, ẹ ó rí IND: IMP:, tí ó túmọ̀ sí ọba àwọn ọba ilẹ̀ Íńdíà. Ní August 1947, Íńdíà àti Pakistan gba òmìnira. Àwọn owó wa tí ọdún 1949 wà lára wọn àti àwọn tó tẹ̀lé e kò ní ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Ẹ wò ó: òmìnira tí àwọn Mùsùlùmí Pakistan àti àwọn ará Íńdíà gbà lókè òkun fi ojú hàn lára kọ́bọ̀ tí ìyá alákàrà ń gbà ní Mushin. Owó funfun George Kẹfà tí ó ní IND: IMP: kò kọjá 1947, èyí tí kò ní i jẹ́ ti 1949 sí 1951. Bí ọdún bá tilẹ̀ jẹ tán pátápátá, ẹ ti dì í mú.

Èwo wá ni ti Edward Kẹjọ? Òun ni oní-mílíọ̀nù máa ń rí lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ dáadáa. Ọba yìí gorí ìtẹ́ ní January 1936. Ó fẹ́ fi ìyá kan láti Amẹ́ríkà ṣe aya, Wallis Simpson, ẹni tí ó ti kọ ọkọ sílẹ̀. Ìjọba rẹ̀ kò gbà, ó sì gbé adé sílẹ̀ ní December 11 ọdún kan náà. Kò pé ọdún kan lórí oyè, wọn kò sì tíì kó owó tí orí rẹ̀ wà lára rẹ̀ síta fún níná ní ilé wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oníhò tiwa kò nílò orí ọba, ihò sáà ni ó wà níbi tí orí ìbá wà. Orúkọ nìkan ni wọ́n ń kọ. Wọ́n ti rọ ọ́, wọ́n sì ná an: kọ́bọ̀, ẹ́ẹ́pìnnì àti onínì ti 1936 tí EDWARDVS VIII wà lára rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù kò fọwọ́ kàn rí, alágbo ọjà Agége ti fi ra ewé. Òótọ́ ni pé ìtàn rẹ̀ dùn, òótọ́ sì ni pé àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ ń wá a. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rọ pọ̀ gan-an ni, kò sì wọ́n. Ẹni tí ó ní mílíọ̀nù wà lára rẹ̀ kò tíì rà á rí.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ọdún ti ń pa rẹ́ lára owó. Ní Amẹ́ríkà, owó sẹ́ǹtì márùn-ún ni wọ́n ń pè ní nickel. Bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń rọ ọ́ láti 1866, bí kọ́bọ̀ funfun tiwa. Láti 1913 sí 1938, wọ́n rọ ọ̀kan tí ẹfọ̀n dúró sí ojú kan rẹ̀, orí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an sì wà ní ojú kejì. Èjìká ọkùnrin náà, níbi tí ó yọ síta jù, ni wọ́n kọ ọdún sí, nítorí náà ọdún ni ó ń kọ́kọ́ jẹ tán. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í sọ ọ́ nù. Wọ́n mọ̀ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1913, orí òkè kékeré ni ẹfọ̀n náà dúró sí, àti pé kí ọdún náà tó parí ni wọ́n sọ òkè náà di ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí wọ́n bá rí òkè, kódà bí ọdún ti lọ, wọ́n mọ̀ pé 1913 ni. Bí àwa náà ṣe fi àwọ̀ àti Íńdíà mọ tiwa nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, nítorí pé ìyá kan fẹ́ da gbogbo agolo rẹ̀ sínú gọ́tà nítorí rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé àmì àwọn Júù ni, pé kò yẹ kí ó wà nínú ilé Mùsùlùmí. Ní ìdàkejì, mo ti rí ọmọ tí ìyá rẹ̀ so kọ́bọ̀ oníhò mọ́ lọ́rùn nítorí ìràwọ̀ kan náà, pé ó ń lé ojú burúkú. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fara balẹ̀. Ìràwọ̀ yìí ti wà ní ilẹ̀ Mùsùlùmí tipẹ́tipẹ́, èdìdì Ànábì Sùlàímánà ni wọ́n ń pè é. Owó bàbà ilẹ̀ Mòrókò ní nǹkan bí ọdún 150 sẹ́yìn ní ìràwọ̀ náà ní ojú kan, àti ọdún Híjírà ní ojú kejì. Kò sọ ilé di ti Júù, kò sì lágbára láti ṣọ́ ọmọ. Ohun tí ó lè ṣe fún ọmọ tí a so ó mọ́ lọ́rùn ni kí okùn já, kí ọmọ gbé onínì mì.

Ó ku àwọn ṣílè dúdú, ibẹ̀ gan-an ni ohun tó níye lórí wà, òun sì ni ẹnikẹ́ni kì í wò nítorí pé kò ní ihò. Igi ọ̀pẹ wà lára rẹ̀, ọdún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà. Orí George Karùn-ún pẹ̀lú adé ni ó wà ní ẹ̀yìn. Láti 1913 títí wọ inú 1920, fàdákà ni wọ́n fi rọ ṣílè, ṣílè méjì, sísì àti tọ́rọ́ wa: nínú ìdá 1,000, ìdá 925 jẹ́ fàdákà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, fàdákà gbówó lórí, owó irin tó wà lára ṣílè sì fẹ́ ju ṣílè lọ. Ní 1920 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́. Ọ̀pẹ kan náà, ọba kan náà, ṣùgbọ́n idẹ ni. Bí àwọn méjèèjì bá ti dúdú nínú agolo, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọdún ni ẹ ó kà. Èyí tí ó ṣáájú 1920 jẹ́ fàdákà, èyí tí ó tẹ̀lé 1920 jẹ́ idẹ. Ọdún 1920 nìkan ni ó ń da ni láàmú, nítorí irin méjèèjì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà tí ẹ mọ̀. Òòfà kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí, nítorí pé kì í fa fàdákà, kì í sì í fa idẹ.

Àwọn kan ti béèrè bóyá sàká wà lórí rẹ̀. Ṣílè fàdákà kan wọn gíráàmù 5.65, fàdákà gidi inú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 5.23. Òṣùwọ̀n tí sàká fàdákà fi ń di dandan ni dírámù 200, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà wa ṣírò sí gíráàmù 595. Ẹ ó nílò ṣílè fàdákà bíi 114 kí agolo nìkan tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní fàdákà mìíràn, tàbí owó tí ó ti tó òṣùwọ̀n tẹ́lẹ̀, kí ó rò ó mọ́ ọn.

Nínú ìdílé tí mo kọ́kọ́ wí, a jókòó lórí ẹní láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà Ìṣáà. Owó oníhò jẹ́ 147, ṣílè jẹ́ 23. Ọmọ àbúrò oní-fóònù ni mo ní kí ó máa ka ọdún sókè, kí ojú rẹ̀ lè tó o. Nínú ṣílè 23 náà, 8 ni ó jẹ́ fàdákà, gíráàmù 42 kò pé. Kò sí gbèsè lọ́rùn ìyá, kò sì sí àsọtẹ́lẹ̀. Ọkọ àti òbí rẹ̀ ti lọ ṣáájú. Ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ fàdákà díye lé ṣílè mẹ́jọ náà, a sì pín iye náà sí ọ̀nà 7: ọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba 2, obìnrin kọ̀ọ̀kan gba 1. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ẹni tí ó fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ tọrẹ fún ọmọlanke, ni ó ra àwọn ṣílè náà lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ní ti owó oníhò, gbogbo wọn ti dàgbà, wọ́n sì fi inú dídùn fi sílẹ̀ fún àbíkẹ́yìn. Ó sunkún. N kò rò pé nítorí owó náà ni.

Nísinsìnyí, ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin ìyá tí ẹ fẹ́ràn ìmọ́tótó. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́! Ẹ má ṣe fi eérú, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí kànrìnkàn onírin bọ́ ọ bí ìkòkò. Àwọn tí ń ra owó àtijọ́ fẹ́ kí àwọ̀ ọjọ́ orí rẹ̀ wà lára rẹ̀. Èyí tí a ti bọ́ di dídán, iye rẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu erùpẹ̀ kúrò, ẹ fi bébà wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ọba, ọdún àti àwọ̀ sí ara bébà náà. Bí ẹ bá rí lẹ́tà kékeré H tàbí KN ní ojú tí ọdún wà, ẹ kọ òun náà sílẹ̀: ilé iṣẹ́ méjì tí ó rọ ọ́ ní Birmingham ni wọ́n dúró fún, èyí tí kò ní lẹ́tà jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù.

Dídán tún ní ewu mìíràn. Ní 1883, àwọn ará Amẹ́ríkà rọ nickel kan tí wọ́n kọ V sí láìkọ "sẹ́ǹtì" mọ́ ọn. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ fi omi wúrà bò ó, wọ́n sì ná an bí owó wúrà dọ́là márùn-ún. Kí ọdún náà tó parí ni ìjọba fi "sẹ́ǹtì" kún un. Idẹ ṣílè tiwa tí a bá bọ́ dáadáa náà máa ń dán bíi wúrà, mo sì ti gbọ́ ẹni tí ó fi lọ ìyàwó ilé kan. Wúrà kò sí nínú owó British West Africa kankan.

Ẹni tí ó bá pè yín lórí fóònù pé oníbàárà wà ní òkè òkun tí yóò ra agolo yín ní mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ fi owó ìforúkọsílẹ̀ ránṣẹ́, ẹ pa fóònù náà. Ẹni tí ó fẹ́ ra ọjà ni í sanwó. Ẹ fi owó náà han ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ń rà á, ní ojú ara yín, kí ẹ tó gbà láti tà.

Àti pé ẹni tí ó ju onínì 1914 sínú àpótí sàráà wa ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, akápò wa kò lè ná an, n kò sì jẹ́ kí ó dà á nù. Ó wà nínú bébà lórí tábìlì mi. Kí ó wá gbà á lẹ́yìn ìrun Àsárì, ọjọ́ tó bá wù ú.